Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Dáàbò Bo Igbó àti Omi Wọn Láìpàdánù Àtijẹ-Àtimu

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú igbó tàbí omi náà ni ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe òfin kankan, ẹ lọ bá apẹja, ọdẹ, aṣẹ́gi àti ẹni tí ń wá ewé tàbí oyin, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń mú níbẹ̀, àsìkò tí wọ́n ń mú un, àti èyí tí ó ti dínkù lójú wọn. Ẹ má ṣe dúró sọ́dọ̀ àwọn olórí nìkan, nítorí pé àwọn obìnrin àti àwọn aláìní tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé ni òfin tí a kò bá wọn ṣe máa ń kọ́kọ́ pa lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pààlà. Elinor Ostrom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́dún 2009, ṣèwádìí bí àwọn ará ìlú ṣe ń lo igbó, omi àti pápá àjùmọ̀ní láìbà á jẹ́. Ó rí i pé níbi tí ó ti ń yọrí sí rere, ààlà hàn kedere, àwọn tí ń lo nǹkan náà gan-an sì ń lóhùn sí òfin rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pe àwọn aládùúgbò yín, kí ẹ jọ rin ààlà náà, kí ẹ sì fi òkúta, igi ńlá tàbí ìṣàn omi ṣe àmì rẹ̀. Aládùúgbò tí a kò pè ni yóò bá yín ṣẹjọ́ lọ́la.

Òfin àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré, èrè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tètè hàn. Lójú tèmi, ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́: a fòfin de gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ebi sì lé àwọn ènìyàn padà sínú rẹ̀ lóru. Àwọn ará Andavadoaka, ní etíkun Madagascar, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, apá kékeré kan nínú omi wọn ni wọ́n tì fún oṣù mélòó kan, octopus, ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, nìkan sì ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mú níbẹ̀. Ẹran omi yìí, tí àwọn obìnrin máa ń fi ọ̀kọ̀ gún nínú ihò àpáta nígbà tí omi bá fà, ń dàgbà kíákíá, èyí tí wọ́n sì mú nígbà tí wọ́n ṣí ibẹ̀ padà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn abúlé mìíràn fara wé wọn; lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà láti ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ ṣòfin fún ọjọ́ ìṣísílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èrò lè ya wọ ibẹ̀ láti òkèèrè, kí wọ́n kó gbogbo èrè náà lọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ yan ẹ̀ṣọ́ láàárín ara yín, kí ẹ sì fún un ní ìwé. Ní Nàmíbíà, ẹ̀ṣọ́ máa ń kọ ẹranko tí ó rí, òkú ẹran tí ó bá pàdé àti oko tí erin bà jẹ́ sínú ìwé tí ó jẹ́ ti àwọn ará ìlú fúnra wọn, láti inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá nǹkan ń sàn. Ní ti arúfin, ìkìlọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbà, kí ìtanràn tẹ̀lé e, kí ìjìyà sì máa le sí i bí ó bá ń tún un ṣe. Ẹni tí ebi lé wọgbó yàtọ̀ sí oníṣòwò tí ó gbé ọkọ̀ wá gégi.

Kí owó kankan tó wọlé, ẹ ti fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe pín in: èló ni ti ẹ̀ṣọ́, èló ni ti àwọn ìdílé, èló ni ti ẹni tí ẹranko pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ bí kìnnìún bá ń pọ̀ sí i, ẹnì kan ni ó ń fara gbá a. Kí akápò máa ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ènìyàn, kì í ṣe sí etí ìgbìmọ̀ nìkan.

Ẹ wádìí ohun tí òfin orílẹ̀-èdè yín gbà láàyè. Òfin igbó tí Nepal, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, ṣe lọ́dún 1993 fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú láṣẹ láti máa bójú tó igbó, kí wọ́n sì máa jẹ èrè rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 20,000. Nàmíbíà ṣe irú rẹ̀ lórí ẹranko igbó lọ́dún 1996. Níbi tí kò bá sí òfin bẹ́ẹ̀, ẹ gba ìwé àdéhùn tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó má baà jẹ́ pé nígbà tí igbó bá sàn tán, àjèjì oníwèé á wá gbà á lọ́wọ́ yín.