Èpò Tó Gba Pápá Ló Ń Lé Màálù Wọ Oko: Bí Àgbẹ̀ àti Ará Gáà Ṣe Lè Jọ Gbé

Màálù tó wọ oko ẹ̀gẹ́, ebi ló sábà máa ń lé e wọ ibẹ̀. Màálù funfun tó wọn bíi kìlò 300 máa ń jẹ nǹkan bíi kìlò 30 koríko tútù lójúmọ́. Tí wọ́n bá jẹ́ 20, kìlò 600 nìyẹn. Ibi tó yẹ kó bọ́ wọn ni ewé Akíntọ́lá ti gbà lọ́wọ́ koríko (àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀), bẹ́ẹ̀ màálù kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Koríko ẹ̀kan ńkọ́? Ìgbà tó bá ṣì rọ̀, tí kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Tó bá ti gbó, bí abẹ ló rí lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí oko yín bá gáà pààlà ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó hù lórí pápá.

Ẹ má dúró dìgbà tí màálù bá jẹko yín kí ẹ tó mọ ọ̀nà gáà. Oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá ni kẹ́ ẹ lọ, kí àwọn Fúlàní Bororo tó ń bá ẹ̀ẹ̀rùn rìn tó dé. Ẹ mú àgbà kan dání, kí ẹ sì bá Sẹ̀ríkí (olórí àwọn Fúlàní) tàbí baálé gáà sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó ni màálù gan-an, torí ọmọdé tó ń dà wọ́n lè má ní ẹyọ kan níbẹ̀. Onímàálù lè wà nígboro, kó sì jẹ́ Yorùbá bíi tiyín. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì. Èkìtì ti ṣòfin lórí dída màálù káàkiri láti 2016, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2019, Oǹdó àti Èkó ní 2021. Fún ìdí èyí, ilẹ̀ tí ará gáà gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ ni kí àdéhùn yín dá lé, kí baálẹ̀ sì mọ̀ sí i.

Ọ̀nà tí màálù ń gbà lọ mumi lódò lẹ máa kọ́kọ́ yanjú. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ ní fífẹ̀, kí ẹ sì gbin lápálápá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn, nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Màálù kì í jẹ lápálápá. Àgbẹ̀ tó kọ ebè dí ọ̀nà odò, tó wá ń bínú pé màálù tẹ ebè òun, òun náà lẹ́bi.

Ó wá ku èpò fúnra rẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni ewé Akíntọ́lá ń yọ òdòdó, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á gbé irúgbìn rẹ̀, tó fúyẹ́ bí òwú, lọ sí oko gbogbo yín. Kí oṣù Kọkànlá tó parí ni kí àgbẹ̀ àti ará gáà ti jọ ṣán an. Ṣíṣán nìkan ò tó, torí kókó kan wà nídìí rẹ̀, tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀hù ti ń yọ. Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ ilẹ̀, ẹ ti ọkọ́ bọ abẹ́ kókó yẹn, ẹ fà á tu, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, kí ẹ sì dojú gbòǹgbò rẹ̀ kọ oòrùn. Èyí tó bá tún hù lọ́dún kejì, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fà á. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá tu, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo: ẹ pín ìdí koríko gíní, kí ẹ gbìn ín ní ìdajì mítà síra wọn, kí màálù má sì débẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta.

Iná ò lè pa ẹ̀kan, torí abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rákò sí. Tí ará gáà bá fẹ́ sun pápá kí koríko tútù lè yọ, kí wọ́n sọ ọjọ́ fún yín. Ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ ló dáa, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ro ẹsẹ̀ bàtà 15 mọ́ féfé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà.

Tó bá jẹ́ oògùn apa-èpò lẹ fẹ́ fín, ẹ ránṣẹ́ sí gáà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi ní igun oko, kí màálù má sì wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ 14. Èpò mìíràn tí oògùn bá kàn máa ń dùn lẹ́nu màálù bó ṣe ń rọ, títí kan èyí tó ní májèlé. Ẹ má fọ tánkì oògùn sódò tí wọ́n ti ń mu. Ní ti paraquat, tó jẹ́ ọ̀kan lára oògùn apa-èpò, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti 1 oṣù Kìíní 2024. Ẹ má ra èyí tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ fi pòpórò àgbàdo àti ewé ẹ̀wà ṣe pàṣípààrọ̀ ìgbẹ́ màálù. Èèpo ẹ̀gẹ́ kíkorò lè pa màálù ní tútù. Ẹ sá a sóòrùn dáadáa kí ẹ tó fún wọn. Irúgbìn èpò púpọ̀ kì í kú nínú màálù, ìdí nìyí tí ìgbẹ́ tútù fi ń gbé èpò wọ oko. Ẹ kó o jọ dé ìbàdí, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti irin bọ àárín rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ tó gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dì í mú, irúgbìn ń kú nìyẹn. Tó bá tutù, omi tàbí afẹ́fẹ́ ni kò tó o.

Tí màálù bá wọ oko ṣáá, ẹ má ṣá a, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ pe baálé gáà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ ka ebè tó bà jẹ́ ni o, torí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn ní mítà kan síra wọn máa ń tó 4,000 ní éékà kan, ojú lásán ò sì lè mọ iye tí wọ́n jẹ níbẹ̀. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí wọ́n tẹ̀ tàbí fà tu, ẹ kà á sí òfò. Èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ ewé nìkan ni wọ́n jẹ, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó dá owó lé e, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ á tún hù.