Ẹ má sun pòròpórò yẹn: bá a ṣe ń gbin àgbàdo láì túlẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó pe katakata lọ́dún yìí ẹ dúró ná. Ilẹ̀ apá Ìsẹ́yìn níbi mo ti ń dáko, iyanrìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, dúdú òkè tó lọ́ràá ò jìn rárá, tí katakata bá ti dà á délẹ̀ báyìí, òjò ńlá bíi méjì ti gbá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o, láti àwọn ọdún 1970 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ti ń gbin àgbàdo wò láì túlẹ̀.

Ìgbà ìkórè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ya àgbàdo tán, ẹ gé pòròpórò ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri, ẹ má ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ bá sun ún, naitirójìn inú ẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, á bá èéfín lọ, eérú tó kù ní pọ́táṣì lóòótọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun dà bíi pé ó dáa, àmọ́ kì í pẹ́. Ẹ ro etí oko yípo dáadáa torí iná ọ̀gbẹlẹ̀ àwọn ẹlòmíì.

Tójò bá ti ń rọ̀ déédéé, tí koríko hù, ẹ fín oògùn apakoríko, ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá fẹnu àdá la pòròpórò, kẹ́ ẹ gbìn, sẹ̀ntímítà 75 láàárín ìlà, 50 láàárín ihò, igi méjì méjì.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Lọ́dún àkọ́kọ́ àgbàdo mi pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ mú, ẹni tá a jọ pààlà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àṣé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ pòròpórò náà nílò naitirójìn, kò sì tó nínú ohun tí wọ́n ń jẹ, ni wọ́n bá ń fa ti ilẹ̀ mọ́ àgbàdo lẹ́nu. Wọ́n á dá a padà tó bá yá, àmọ́ àgbàdo ò lè dúró. Nítorí ẹ̀, ẹ tètè fi ajílẹ̀ NPK sí i, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbìn ín. Tó bá wá di ti yúríà, ajílẹ̀ tó jẹ́ ti naitirójìn, ẹ má fọ́n ọn sórí pòròpórò o, afẹ́fẹ́ ló máa gbé e lọ, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn òórùn ẹ̀ á ta yín nímú bí ilé ìtọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ bu ìdérí ìgò kan sí i, ẹ bò ó.

Tó bá di ìgbà òjò àrọ̀kúrò, ẹ gbin ẹ̀wà síbẹ̀, ewé ẹ̀ máa ń tètè jẹrà, ó sì ń fún ilẹ̀ ní naitirójìn.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, ní tiẹ̀ kì í rìn nínú ilẹ̀, òkè ló máa ń kó jọ sí nígbà tẹ́nikẹ́ni ò dalẹ̀, àmọ́ torí pé abẹ́ pòròpórò tutù, gbòǹgbò á gòkè wá bá a.

Ilẹ̀ tí màlúù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi kọnkéré nìkan ni mi ò ní ní kẹ́ ẹ gbìn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kó jìn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi katakata sílẹ̀. Tó bá di ọdún kẹta, ẹ gbé pòròpórò kan sókè láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, kẹ́ ẹ wo bí ìgbẹ́ ekòló ṣe pọ̀ tó lábẹ́ ẹ̀.