Ìbòjú irin fún kẹ́ṣà béésìbọ́ọ̀lù: ìbéèrè àti ìdáhùn láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Òṣogbo

Iṣẹ́ jórinjórin ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, lọ́nà Ìkìrun. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mò ń ṣe kí àwọn ọmọ tó ń gbá béésìbọ́ọ̀lù tó mú mi mọ ìbòjú kẹ́ṣà. Kẹ́ṣà ni ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi dání láti fi gbá bọ́ọ̀lù. Òun ló ń hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Bí bọ́ọ̀lù bá fara kan igi gẹ́rẹ́, ó lè yà gba ojú kẹ́ṣà lọ tààrà, kò sì sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ìbòjú tó ń ti òkè òkun wá wọ́n gógó, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe tiwa. Ohun tí àwọn kóòṣì, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn òbí ń bi mí ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Rọ́ọ̀dù 6 mílímítà la fi ṣe ìbòjú ilé ìwé wa. Kò pé oṣù kan tí èyí tó wà níwájú imú fi tẹ̀ wọnú, imú ọmọ náà sì wú. Ṣé kí n ní kí wọ́n fi 10 mílímítà ṣe òmíràn?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: nígbà tí ọmọ náà dé ìbòjú yẹn, ìka mélòó ló lè wọ àárín irin àti imú rẹ̀? Mo fura pé kò ju ẹyọ kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà wà. Kò sí irin tí kì í tẹ̀ díẹ̀ bí nǹkan bá gbá a, kódà bó bá padà sípò kí ojú tó rí i. Àyè tó wà láàárín irin àti ojú ló ń gba èèyàn là.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi, mo jẹ́ kó fún mọ́ ojú kó má baà máa mì. Bọ́ọ̀lù kan péré bà á, ẹ̀jẹ̀ bo imú ọmọ náà. Mo gbé ìbòjú yẹn sójú oòrùn, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Kò ṣẹ́, kò sì wọ́. Irin ò ní ẹ̀bi kankan, èmi ni mi ò fún un láyè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìka mẹ́ta wọn iwájú imú, tí mo sì ń fi méjì wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, rọ́ọ̀dù 10 mílímítà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta 6 mílímítà. Ọrùn ọmọ ọdún 14 tó ń lóṣòó, tó ń dìde, tó tún ń lóṣòó kò lè gbé e títí eré á fi parí. Ẹ wá páìpù tín-ín-rín tó jẹ́ 8 mílímítà lóde àti 6 nínú. Bí gígùn wọn bá dọ́gba, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún fúyẹ́ ju rọ́ọ̀dù yín lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ láti kọ̀ títẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ wo ọparun tí àwọn bíríkìlà ń gùn: inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ń gbé èèyàn àti kọ́ńkéré. Irin tó jìnnà sí àárín ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn, ẹrù lásán ni. Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun náà ń lo irin oníhò, tàbí titanium, tí ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti irin. Titanium kò sí nínú ohun tí ọwọ́ wa tó, àmọ́ páìpù wà.

Kí ẹ tó tẹ páìpù, ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, kí ẹ dí i lẹ́nu méjèèjì, kó má baà pẹlẹbẹ níbi tó ti ṣẹ́po. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa o. Bí ẹ bá fi iná sí èyí tó tutù, ooru omi inú rẹ̀ lè bẹ́ sí yín lójú. Kí iwájú ìbòjú náà sì yọ síta bí ẹ̀yìn igbá, kí bọ́ọ̀lù lè yọ̀ kúrò lára rẹ̀ dípò kó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọlẹ̀ síbẹ̀. Èrò yìí náà ló wà nínú irú ìbòjú tí Charlie O'Brien, kẹ́ṣà ẹgbẹ́ Toronto Blue Jays, bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1996, tí wọ́n wò lára ti àwọn aṣọ́lé họ́kì orí yìnyín.

Ìbéèrè: Báwo ni àlàfo àárín irin ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ẹni tó ṣe tiwa ní bí bọ́ọ̀lù kò bá ti lè kọjá, ó ti parí.

Ìdáhùn: Kò tíì parí. Àyíká bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù jẹ́ nǹkan bíi 23 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 7. Bó bá há sáàárín irin méjì, ikùn rẹ̀ á yọ wọlé. Bí àlàfo bá jẹ́ 4 sẹ̀ǹtímítà, á yọ wọlé tó mílímítà 6. Bí ẹ bá fi í sí 6 sẹ̀ǹtímítà, á yọ wọlé tó mílímítà 16, a ò sì tíì ka bí irin náà ṣe máa ya sọ́tọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá gbá a. Èmi kì í kọjá 4 níbi ojú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ìbòjú mẹ́ta ni mo ti jó, méjì ti là níbi tí irin ti dábùú ara wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù tó dáa ni mo sì lò.

Ìdáhùn: Àbúrò, ṣé o kì í ki irin gbígbóná bọ omi kó lè tètè tutù? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é, torí oníbàárà dúró tì wá. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ nínú irin náà, omi yẹn á sọ ọ́ di bí àwo tánganran: kò ní tẹ̀, ṣe ló máa ṣẹ́. Àjákù irin kọ́ńkéré ni mo bẹ̀rù jù, torí o ò lè mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ha ọ̀dà àti ìdógùn-ún kúrò títí irin á fi funfun kí o tó jó o. Bó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ha síńkì náà kúrò pátápátá. Èéfín rẹ̀ ń fa òtútù àti ibà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti dá mi dùbúlẹ̀ rí. Má sì jẹ́ kí ojú ibi tí o jó wà níwájú imú gan-an. Fà á sí ẹ̀gbẹ́, kí irin tó lọ láìní oríkèé ló wà níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń bà jù. Fi gíráńdà pa gbogbo ojú ibẹ̀ kó dán, kí o tún fi àtàńpàkò rìn ín láti inú. Ohun tó bá ha ìwọ lọ́wọ́ á ya ọmọ náà lójú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi ni kẹ́ṣà. Ìbòjú yìí le dáadáa, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá wálẹ̀, mi ò kì í rí i mọ́. Mo ti ń ṣí i kúrò lójú nígbà míì.

Ìdáhùn: Má ṣí i mọ́, mo bẹ̀ ọ́. Mú báírò kan, gbé e dúró gbọọrọ níwájú imú rẹ, kí o sì gbìyànjú láti ka ohun tí mo kọ yìí. Wàá kà á, torí ibi tí báírò dí fún ojú ọ̀tún, ojú òsì ń rí i. Wàyí o, fi báírò náà dábùú ojú rẹ méjèèjì. Ìlà odindi ti pòórá, àbí? Ohun tí irin tó dábùú ń ṣe sí ọ nìyẹn. Irin tó dúró gbọọrọ kì í dí èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dábùú gbọ́dọ̀ wà lókè ìpéǹpéjú tàbí nísàlẹ̀ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe ń wá ibẹ̀ rèé. Wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí o lóṣòó bí o ṣe máa ń lóṣòó lórí pápá, kí o dé ìbòjú tí a kò tíì fi irin ojú sí. Màá so òwú dúdú dábùú rẹ̀. Ẹnì kan á mú bọ́ọ̀lù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé e láti ilẹ̀ dé àyà, ìwọ á sì máa sọ fún mi ìgbà tí òwú bá bò ó. Ibi tí òwú kò bá ti bò ó mọ́ ni màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ojú èèyàn kò rí bákan náà, ìyẹn ni mi ò fi ń fi ìwọ̀n ọmọ kan ṣe ti òmíràn. Ọ̀dà dúdú tí kì í dán ni kí wọ́n fi kùn ún, kí oòrùn ọ̀sán má baà máa kọ mànà sí ọ lójú.

Ọ̀rọ̀ ìríran yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fred Thayer ti Yunifásítì Harvard, tó gba ìwé àṣẹ lórí ìbòjú kẹ́ṣà lọ́dún 1878, ìbòjú àwọn tó ń fi idà ṣeré ló mú ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì fi àlàfo tó fẹ̀ sí i.

Ìbéèrè: Fóòmù bẹ́ẹ̀dì la gé sínú tiwa. Òógùn ti mu ún, ó ń rùn, ó sì ti pẹlẹbẹ. Kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò yẹ níbẹ̀ rárá, kódà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Bí àtàńpàkò bá kan tábìlì, iwájú orí ọmọ náà á kan irin. Èyí tó funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bọ́ọ̀lù lè bà á, lẹ́yìn náà kì í padà sípò mọ́.

Èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ìwẹ̀ ni mo máa ń wá, èyí tó nípọn tó sì ń ta padà díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń tò ó ní ipele méjì: èyí tó le lápá irin, èyí tó rọ̀ lápá ara. Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ni kó fara tì. Kò gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun tó kan imú. Àwọn tó ń rán bàtà lápá Ọjà Ọba lè fi awọ rírọ̀ bò ó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é kó ṣeé bọ́, kí ẹ lè máa fọ̀ ọ́. Inú ibòòji ni kí ẹ ti sá a o, torí oòrùn á mú kó le koko.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni ohun tó ń bo ọ̀fun?

Ìdáhùn: Dandan ni. Lọ́dún 1976, igi ẹlòmíràn fọ́, èérún rẹ̀ sì gún Steve Yeager, kẹ́ṣà ẹgbẹ́ Dodgers, lọ́rùn. Bill Buhler, tó ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, ló wá ṣe pátákó kékeré tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìbòjú. Awọ líle tàbí ike tó nípọn, tí ìbú rẹ̀ tó ti àtẹ́lẹwọ́, ti tó. Ẹ jẹ́ kó máa mì, kí ọmọ náà lè tẹ orí ba.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dáa ká tó gbé e bo ọmọ lójú?

Ìdáhùn: Mo ní orí igi kan tí mo gbẹ́ fún èyí. Màá fi amọ̀ tútù mọ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, màá fi ọwọ́ omi pa á kó dán, màá sì dé ìbòjú fún un. Lẹ́yìn náà, a ó na orí náà sílẹ̀, a ó sì ju nǹkan tó wúwo tó kílò 5 lé e láti òkè tó tó mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 40. Agbára tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti bọ́ọ̀lù gíráàmù 145 tó ń sáré kìlómítà 110 láàárín wákàtí kan dọ́gba. Bí a bá ṣí i, tí ojú irin hàn lára amọ̀ bó ti wù kó kéré tó, ìbòjú yẹn kò jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. A ti dá márùn-ún padà báyìí lọ́dún yìí.

Àmọ́ irin nìkan ni ìdánwò yìí ń yẹ̀ wò, kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ. Àjọ NOCSAE ní Amẹ́ríkà ló ní ìlànà ìdánwò fún ìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kò sì sí lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ìbòjú tiwa kò wà fún àgbàlagbà tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ọta ìbọn. Fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹ dáwó jọ ra èyí tí wọ́n ti dán wò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Bọ́ọ̀lù ba ọmọ mi lójú ìbòjú lánàá. Ìbòjú náà ò fọ́, ojú rẹ̀ ò sì wú, àmọ́ ó ní orí ń fọ́ òun, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta òun lójú. Kóòṣì ní kó sinmi lónìí, kó padà wá lọ́la.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má jẹ́ kó padà lọ́la. Ọpọlọ lè mì nínú agbárí láìsí pé nǹkan kan fọ́ lóde. Bọ́ọ̀lù tó ń ba ojú ìbòjú léraléra ló fa irú èyí fún Mike Matheny, kẹ́ṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tó sì fi eré sílẹ̀ pátápátá lọ́dún 2007. Ẹ gbé ọmọ náà lọ bá dókítà lónìí. Bó bá ń bì, tó ń sùn jù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra tàbí tí kò dá ènìyàn mọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tó máa padà sórí pápá, kì í ṣe kóòṣì, kì í sì ṣe èmi.

Ẹ fi ìbòjú náà ránṣẹ́ sí mi. Màá tú fóòmù rẹ̀ wò, màá sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.