"Ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́": àṣìṣe tá a máa ń ṣe bá a bá kó ọmọ lọ wo ẹranko

Ọjọ́ kejì Kérésì ni, oòrùn ti wà ní àtàrí. Àwa bí ogójì la há mọ́ ara wa níwájú ilé kìnnìún. Bàbá kan tó wọ aṣọ ọdún ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lu irin: "Dìde! Dìde jàre! Ṣé ká lè wá wo oorun rẹ la ṣe sanwó ni?" Kìnnìún na ẹsẹ̀ kan, ó yí ikùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń bá oorun tirẹ̀ lọ. Ọmọ bàbá náà, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, wo bàbá rẹ̀, ó wo kìnnìún, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn nìkan ló mọ ibi tá a wà. Àwa yòókù lọ bí ẹni lọ wòran eégún, tó jẹ́ pé bí eégún ò bá jó, owó wa ti ṣòfò. Ilé onílé la wọ̀, onílé sì ń sùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀ o, mo ti ṣe ju ìdajì wọn lọ.

Ọjọ́ ọdún, ọ̀sán gangan

Àṣà ni, mo mọ̀. Ní 1948 ni ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹranko díẹ̀ sí fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1974 ló tó di ọgbà tó kún. Ìyẹn ni pé ìran mẹ́ta ti gba ibẹ̀ kọjá nínú ilé tiwa nìkan. Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀ UI kó má dárúkọ Aruna, gọ̀rílà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ lórúkọ n'Íbàdàn. Ọjọ́ ọdún ni wọ́n máa ń lọ, lẹ́yìn ìrẹsì. Àwa náà wá jogún rẹ̀: a jẹun yó, a wọ bàtà tuntun tó ń há ọmọ lẹ́sẹ̀, a dé ẹnu géètì láàárín aago méjìlá sí méjì.

Aago yẹn gan-an ni kò dáa. Kìnnìún lè sùn tó wákàtí 20 nínú 24. Èyí tí kì í sùn tó bẹ́ẹ̀ náà, bí oòrùn bá ti mú, ibòji ló máa wá lọ, ẹ ò ní rí ju ìrù rẹ̀ lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ní Sátidé lásán tí kò bọ́ sí ọdún kankan. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì léèrè aago tí wọ́n máa ń fún àwọn ẹranko lóúnjẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn sàn ju kẹ́ ẹ yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹ̀pà, bísíkíìtì, àti yẹtí mi

Èyí ló dùn mí jù, n óò pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìjímèrè a máa na ọwọ́ láti àárín irin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú, ìlà sì wà níbẹ̀ bíi tiwa. Ta ni ọkàn rẹ̀ ò ní yọ́? Ọmọ á ní, "Mọ́mì, ebi ń pa á." Ebi ò pa á. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá ti na ọwọ́, ẹ̀pà á bọ́ síbẹ̀ ni. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti díwọ̀n oúnjẹ fún un láàárọ̀. Ká ní èèyàn igba wá lọ́jọ́ ọdún, kí kálukú ju bísíkíìtì kan péré, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kò ní fẹnu kan èso àti ewé tirẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣúgà á jẹ eyín rẹ̀ bó ṣe ń jẹ tọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ta ló máa ní kó ya ẹnu kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?

Ohun tó wà lẹ́nu wa náà ń ràn wọ́n. Ọ̀fìnkìn tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lọmọ yín á fi sín, ó lè gbé ìnàkí dálẹ̀, torí ara rẹ̀ sún mọ́ tiwa gan-an. Bísíkíìtì tí ọmọ ti gé jẹ, tó wá ju ìyókù sí i, àìsàn ló fi ránṣẹ́. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ jókòó sílé.

Ní ti ọ̀rá tá a máa ń jù sílẹ̀, ẹni tó bá ti pa àgbò Iléyá rí ò nílò àlàyé: ẹ la ikùn rẹ̀, ẹ bá ọ̀rá omi àti ọ̀rá búrẹ́dì tó ti lọ́ mọ́ra wọn, tó ti le bí bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nínú ẹtu, nínú ràkúnmí, nínú gbogbo ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó gbóòórùn iyọ̀ lára rẹ̀, ó gbé e mì, kò dà, kò sì lè jáde. Ẹ mú àpò kan dání tẹ́ ẹ óò máa kó ìdọ̀tí yín sí, kẹ́ ẹ gbé e délé.

Ó ku yẹtí. Ohunkóhun tó bá ń dán ni ògòǹgò máa ń fẹ́ ṣá. Mo fara ti irin kí ọmọ lè yà mí ní fọ́tò, ọrùn gígùn kan yọ lẹ́yìn mi, ó ṣá etí mi lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó pariwo, yẹtí ti wọ ọ̀fun. Mò ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe góòlù, ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ò bẹ̀ mí, ó bá mi wí ni. Ó ní yálà ẹnu irin yẹn mú tàbí kò mú, òun ló máa ṣọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ojú tì mí dé ilé.

Òkò sí ọ̀nì

Ọ̀nì lajú sílẹ̀, ó yanu sílẹ̀, kò mira. Kò ní pẹ́, ẹnì kan á ní ère ni, ẹnì kejì á wá òkò. Ooru ló ń fi ẹnu yẹn tú jáde, bí ajá ṣe ń yọ ahọ́n. Dípò òkò, ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ ojú rẹ̀: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó mọ́ gaara máa ń ti ẹ̀gbẹ́ gba orí ẹyinjú kọjá, bí ẹni fa kọ́tínì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa kọ́kọ́ mú ẹran lálẹ́. Àwọn tèmi dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, mi ò rí irú rẹ̀ rí nílé.

"Ó ti mọ èèyàn"

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa ọkùnrin tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sínú ọgbà náà, bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Oúnjẹ ni ọkùnrin náà lọ fún wọn. Bí ẹni tó bọ́ ọ dàgbà bá lè kú bẹ́ẹ̀, èwo wá ni tiwa tá à ń gbé ọmọ jókòó sórí irin torí fọ́tò? Ní oṣù Karùn-ún 2016, ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́ta kan yọ́ kọjá ọgbà, ó já sínú kòtò gọ̀rílà tó ń jẹ́ Harambe. Wọ́n yìnbọn pa gọ̀rílà náà kí wọ́n tó rí ọmọ gbé jáde. Ọmọ yè. Bí ọmọ yín ò bá ríran, ẹ gbé e kọ́ èjìká, kẹ́ ẹ sì sún sẹ́yìn.

Ẹ má tẹjú mọ́ ọ̀bọ tàbí gọ̀rílà kẹ́ ẹ máa ya eyín sí i. Lójú tiwa, ẹ̀rín ni. Lójú tiwọn, ìjà lẹ̀ ń pè. Ní Rotterdam ní 2007, gọ̀rílà kan tó ń jẹ́ Bokito fo kòtò omi jáde, ó kọlu obìnrin kan tó máa ń wá kí i lóòrèkóòrè. Lójú obìnrin náà, ṣe làwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín síra wọn.

"Monkey! Monkey!"

Ẹ tẹ́tí sí wa bá a bá débẹ̀: ohun gbogbo tó bá ní ìrù gígùn ni "monkey", ohun gbogbo tó bá lè jẹ èèyàn ni "lion". Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Ìjímèrè ni onírun pupa yẹn, tó fẹ́ràn kó máa sáré nílẹ̀ ju kó gun igi lọ. Ẹdun lèyí tó dúdú tó tún funfun. Bẹ́ ẹ bá ní ìbejì nílé, tẹ́ ẹ dúró níwájú ẹdun tẹ́ ò kì wọ́n ní "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdun jobì", ẹ gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín padà. Ẹkùn tiwa, àmì tóótòòtó ló wà lára rẹ̀. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, àwọn baba wa ò bá a pàdé nínú igbó. Ìkookò inú Bíbélì náà máa ń da ọmọ rú: ẹran ilẹ̀ òkèèrè kan tó dà bí ajá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkookò ilẹ̀ wa lèyí tí èjìká rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, tó ń fọ́ egungun jẹ.

Àwọn nǹkan kéékèèké: bàtà tó ti mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, omi, ọṣẹ kí wọ́n tó jẹun, kẹ́ ẹ sì fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọmọ lápá. Bó bá sọnù láàárín èrò, orúkọ kan ṣoṣo tó máa rántí pé ẹ̀ ń jẹ́ ni "Mọ́mì".

Kẹ́ ẹ má sì ní lọ́kàn pé ẹ máa rí gbogbo wọn tán lọ́jọ́ kan. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ìjàpá la fi ìdajì àárọ̀ ṣe. Àbíkẹ́yìn mi lóṣòó, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọkọ Yánníbo nìyí?" Mo ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá ibi tí wọ́n ti lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ nígbà tó já bọ́ láti ọ̀run. Ìjàpá na ọrùn, ó gé ìbẹ́pẹ kékeré, ó ń rún un, ó ń rún un. Ìbẹ́pẹ yẹn ò tíì tán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́.

Nígbà tá a fi máa dé ọ̀dọ̀ kìnnìún, oòrùn ti mú, ó ti sùn. Àbíkẹ́yìn mi fi ìka sétè sí wa. A rọra gbẹ́sẹ̀, a kọjá.