Owó Iṣẹ́ Abẹ Yíyọ Ilé Ọmọ: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdílé Àgbẹ̀ ní Òṣogbo àti Agbègbè Rẹ̀

Tí dókítà bá ti ní kí wọ́n yọ ilé ọmọ obìnrin kan, "Èló ni?" ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kò burú. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà, owó iṣẹ́ abẹ nìkan ló sábà máa ń jẹ́. Owó àyẹ̀wò ti ṣáájú rẹ̀, owó ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìyá kò ní lè lọ sóko, tí kò ní lè dín gàárì, tí kò ní lè pàtẹ, ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, Ìlobù, Ẹrín-Ọ̀ṣun, Ìdó-Ọ̀ṣun àti Òkìnní la kọ ìwé yìí fún, kí ẹ lè rí gbogbo owó náà kí ọjọ́ tó kò.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà

Ohun tó sábà ń gbé ọ̀rọ̀ dé ìdí yíyọ ilé ọmọ ni ìjú, tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lóṣooṣù, tàbí kí ilé ọmọ máa yọ síta lójú ara, tàbí jẹjẹrẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ. Ti ìbímọ kì í dúró de ètò kankan, ẹ̀mí ni wọ́n ń dù nígbà yẹn. Jẹjẹrẹ náà kò ṣeé so mọ́ ọjọ́ tí owó kòkó yóò wọlé. Àmọ́ ìjú àti ilé ọmọ tó ń yọ síta sábà máa ń fún èèyàn láyè láti béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ìjú tí kò yọ obìnrin lẹ́nu kò nílò abẹ. Èyí tó ń da ẹ̀jẹ̀, oògùn wà tó ń dín in kù, ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan sì wà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ tó ń mú kí nǹkan oṣù fúyẹ́. Obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ lè ní kí wọ́n yọ ìjú nìkan, kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti fẹ́ dá náà kó béèrè bóyá òun lè dúró, torí ìjú sábà máa ń súnkì lẹ́yìn náà. Fún ilé ọmọ tó ń yọ síta, òrùka rọ́bà kan wà tí dókítà lè fi gbé e dúró.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tó wá tún ń rí ẹ̀jẹ̀, kó má dúró ṣírò owó o. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an.

Owó tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, owó àgbo ìjú tí wọ́n ń polówó lórí rédíò ni. Ìgò kan lóṣù yìí, ìgò méjì lóṣù tó ń bọ̀, ìjú ń tóbi sí i, ẹ̀jẹ̀ ń dín kù lára. Tí ẹ bá ṣírò owó ìgò ọdún kan, á yà yín lẹ́nu bí ì bá ti tó síkáànù àti àyẹ̀wò.

Obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò ní bímọ mọ́, kò sì ní rí nǹkan oṣù mọ́. Ìyẹn ni kó yé gbogbo ẹbí kí wọ́n tó kówó jọ. Pé obìnrin bẹ́ẹ̀ ti di ọkùnrin, tàbí pé kò wúlò fún ọkọ mọ́, irọ́ ni. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí dára, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Owó tó wà nínú bíìlì àti èyí tí kò sí níbẹ̀

Káàdì, owó rírí dókítà, síkáànù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ṣúgà àti kíndìnrín, àti àyẹ̀wò ọkàn fún ẹni tó ti dàgbà: wọ́n ti ń gba gbogbo èyí kí ọ̀rọ̀ tíátà tó dé. Nígbà tí wọ́n bá wá dárúkọ iye iṣẹ́ abẹ, ẹ fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó tíátà, ti dókítà, ti akunnilóorun àti ti bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni ti bẹ́ẹ̀dì?" Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ẹni tó ní kò séwu, pé ẹ ṣáà máa san díẹ̀díẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ túbọ̀ bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n tún máa ń fún ẹbí ní ìwé ohun tí wọ́n máa lọ rà: ìbọ̀wọ́ rọ́bà, dírípù, okùn ìrán-ojú-abẹ, rọ́bà ìtọ̀, àpò ìtọ̀, abẹ́rẹ́, oògùn ìrora. Inú ìwé yìí ni owó ti ń jò jù. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á gba èyí tó bá ṣẹ́ kù padà. Ẹni kan péré ni kó máa gba rìsíìtì, kó kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá kan.

Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà yọ ọ́ náà ń yí owó padà. Wọ́n lè la ikùn, wọ́n lè gba ojú ara, wọ́n sì lè lu ihò kéékèèké sí ikùn kí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é. Ti kámẹ́rà sábà máa ń wọ́n jù nítorí irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí níbi gbogbo. Àmọ́ obìnrin tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe tiẹ̀, tàbí tí wọ́n gba ojú ara, máa ń tètè gbádùn ju ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lọ. Fún ìdílé tó jẹ́ pé ọwọ́ ìyá ni oúnjẹ ti ń wá, ọ̀sẹ̀ tí kò fi ní ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ìṣirò. Ìṣòro tó wà lára kálukú ló ń sọ èyí tó bá a mu, kì í ṣe owó nìkan.

Owó kan wà tí ẹbí máa ń fẹ́ fò: àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ jáde. Wọ́n lè gbé ilé ọmọ náà lé yín lọ́wọ́ nínú ike tí wọ́n bu fọmalíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, sí, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ má gbé e sínú ilé, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni yóò sọ bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú nìyí. Obìnrin tó ti ń da ẹ̀jẹ̀ fún ọdún kan kì í ní ẹ̀jẹ̀ tó lára mọ́. Tí PCV rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, owó mìíràn sì nìyẹn.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ oògùn ayọ́ọ̀nù, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, fún un, kó sì máa lò ó bí wọ́n bá ṣe júwe. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan. Kó má fi tíì lé e, ọsàn ló bá a rìn. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀dọ̀ ẹran dára. Máàtì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀.

Ẹ wá ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le nínú ẹbí tàbí nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn ṣáájú ọjọ́. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá bá ti aláìsàn mu, torí báńkì lè fi tiwọn dípò èyí tí wọ́n bá gbé jáde. Ẹni tó bá ti fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ tún fún wọn.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asúbíarọ́ wà. Ti Kátólíìkì tó wà ní Jálẹ́yẹmí náà wà. Tí wọ́n bá darí yín síwájú, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní Iléṣà. Tí ilé ìwòsàn aládàáni bá dárúkọ owó tó kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ béèrè ẹni tí yóò kun ìyá lóorun, ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti wá, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá lọ lóru.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní tirẹ̀. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àǹfààní rẹ̀, bóyá iṣẹ́ abẹ yìí wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ẹ máa fi owó ara yín san. Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ kó gba ilé ìwòsàn tó forúkọ sí kọjá, kí wọ́n kọ ìwé ìdarí fún un. Ẹni tó bá fo ibẹ̀, tó lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá, lè fi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀.

Kí owó tó wá látinú oko

Kòkó máa ń wọlé láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kìíní. Tí dókítà bá ní ẹ lè dúró, oṣù kìíní tàbí ìkejì dára: owó wà nílé, òjò kò tíì rọ̀, àgbàdo kò tíì délẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé epo ló ń ṣe kó mọ̀ pé láti oṣù kẹta ni ẹyìn máa ń pọ̀. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ nínú ọyẹ́, ikọ́, torí ó ń fa ojú abẹ. Kó tọ́jú rẹ̀ kó tó wọ tíátà.

Ẹni tó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún alájọ, 30,000 ló máa dá lóṣù tó pé ọgbọ̀n ọjọ́. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, ó ku 29,000. Oṣù mẹ́fà á jẹ́ 174,000. Ó lè má tó bíìlì, àmọ́ yóò gbé àyẹ̀wò, oògùn ayọ́ọ̀nù àti oúnjẹ ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sábà máa ń yáni ní ìlọ́po owó tí èèyàn ti kó jọ, nítorí náà kí ẹ ti wà nínú rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Owó sógundogójì ni kí ẹ sá fún, àti fífi oko kòkó dógò. Tí ẹ bá máa ta ewúrẹ́, ẹ tètè tà á. Bí oníṣòwò bá ti mọ̀ pé ilé ìwòsàn lẹ ń gbé owó lọ, ó ti já owó náà wálẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà

Ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ máa ń lo ọjọ́ mélòó kan ní wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ gún iyán, kò gbọ́dọ̀ pọn omi, kò gbọ́dọ̀ gbé báàfù gàárì, kò sì gbọ́dọ̀ bá ọkọ sùn títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ta ni yóò ṣe wọ́n? Tí lébìrà ni ẹ máa gbà sóko, ẹ kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Tí ọmọ ni yóò máa pọnmi, ẹ ṣètò rẹ̀ kó má baà pa ilé ìwé jẹ.

Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ tí ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ti ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Ibà, ọyún lójú abẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń ro, tàbí èémí tó ń há: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ohun tí ẹ fi máa gbéra lóru. Kí nọ́ńbà oníkòrópe kan tó máa ń gbé fóònù wà lára ògiri, kí ẹ sì ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.