Ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn mi kò fi lù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti sọ stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn) di sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n kàn jókòó sínú àwo bí ẹni tó ń bínú. Kẹ́míkà méjì ló ń darí ìyípadà náà: CHIR99021 wọlé, IWP2 tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bó ṣe yẹ. CHIR ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè, mo tún gbé e wálẹ̀. Pàbó ló já sí.

Àṣé inú oúnjẹ wọn ni wàhálà wà. B27, àfikún tí a ń bù sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, oríṣi méjì rẹ̀ ló wà nínú fírísà wa, ìgò wọn jọra bí ìbejì: ọ̀kan ní insulin, èkejì kò ní. Èyí tó ní i ni mo ń bù! Insulin dára fún sẹ́ẹ̀lì tó ti di ti ọkàn, ṣùgbọ́n láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ṣe ló ń dí wọn lọ́nà.

Mo lo èyí tí kò ní insulin fún ọjọ́ méje, kí n tó padà sí èyí tó ní i. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo fojú sí máíkírósíkóòpù: igun àwo kan ń lù kì, kì, kì. Igbe tí mo ké ló mú ọ̀gá sáré wọlé.

Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ ìgò oní-insulin báyìí.