Láti pólì dé ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká ní yunifásítì: ìtọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Okun

Ẹ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù ND (National Diploma, ìwé ẹ̀rí pólì) ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, ẹ ṣí IBASS, ibi tí JAMB kó ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo abẹ́ Direct Entry, ọ̀nà tí ẹni tó ti ní ND ń gbà wọ yunifásítì láì jókòó fún UTME (ìdánwò ìwọlé JAMB), fún kọ́ọ̀sì tó wù yín: ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ irú ND tí wọ́n ń gbà.

Orúkọ "environmental" ń ṣi ọmọ lọ́nà gan-an. Ní Yunifásítì Ìlọrin, iṣẹ́ ayàwòrán ilé, ìwọnlẹ̀ àti ètò ìlú ló wà lábẹ́ Faculty of Environmental Sciences. Bó bá jẹ́ omi, ilẹ̀, ìdọ̀tí àti májèlé ni ẹ fẹ́ kọ́, Environmental Management and Toxicology ni kí ẹ wá, irú èyí tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti UNIBEN, Yunifásítì Benin. Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó kúrò ní Kábà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ lè wo Environmental Science and Resource Management ti NOUN, yunifásítì tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé.

ND tó sún mọ́ ọn jù ni Science Laboratory Technology, ọdún méjì. Pólì Ìpínlẹ̀ Kogí àti Pólì Kúwárà ní i. ND Estate Management kò ní í ṣílẹ̀kùn yìí fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka "environmental" ni wọ́n kó o sí.

ND kì í bo àlàfo WAEC. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n máa ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, kẹ́mísìrì, bàólójì, àti ọ̀kan sí i. Bí kẹ́mísìrì bá ṣẹ́ kù, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ bá wà ní ND1; ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ń kọ prójẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì rí i dájú pé ìgbaniwọlé ND yín wà lórí CAPS, ojúlé JAMB tí ìgbaniwọlé ń gbà kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn tí pólì gbà láì gba ọwọ́ JAMB ló máa ń há sí ibi Direct Entry.

Ní ti máàkì, 2.50 ni lower credit ti bẹ̀rẹ̀, 3.00 ni upper, 3.50 ni distinction. Ẹ lé 3.00 kọjá, torí àyè Direct Entry kéré. Sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ lè ba GPA (máàkì yín lápapọ̀) jẹ́, pàápàá nínú ìṣirò àti físíìsì.

I.T. (ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́) oṣù mẹ́rin tó wà láàárín ND1 àti ND2 ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ ti kọ̀wé ṣáájú sí NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà ojú omi, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká níbẹ̀, tàbí sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obájànà. Ẹ tọrọ iṣẹ́ láàbù tàbí ti bíbu omi wò. Fáìlì gbígbé kiri kò ní í kọ́ yín ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá ń bu omi odò níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Ìsánlú, ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú má bàa wọnú ìgò. Ẹ fi omi náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bù ú. Ẹ wọn pH àti ìgbóná lójú odò, torí wọ́n ń yí padà. Ìgò tí ẹ fẹ́ fi wá òjé, ẹ fi àsíìdì nítíríìkì sí i títí pH yóò fi wálẹ̀ ju 2 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, láàbù ò sì ní rí i. Ìgò mìíràn wọ kúlà oníyìnyín, bíi 4°C. Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti aago sínú lógbúùkù lójoojúmọ́, kí ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí èsì bá jáde, Direct Entry nìkan ni kí ẹ rà: JAMB kì í gba UTME mọ́ ọn lọ́dún kan náà. Pólì ló ń fi transcript (àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín) ránṣẹ́ sí yunifásítì tààrà, ó sì lè pẹ́, nítorí náà ẹ san owó rẹ̀ ní kété tí èsì bá ti jáde, kí ẹ máa pè wọ́n títí yunifásítì yóò fi sọ pé ó ti dé.